Ẹṣin Mẹ́rìnlélógún Lórí Ilẹ̀ Olókùúta

"Ẹṣin mélòó ni?" Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo bi ẹni tó ta katakata àkọ́kọ́ fún mi nìyẹn. Ó ní agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ẹṣin 24. Inú mi dùn dé gongo. Ẹni tó bá ní ẹṣin 24 ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ṣebí Aláàfin pàápàá á mọ orúkọ rẹ̀. Mo sanwó. N kò béèrè bó ṣe wúwo tó, n kò sì béèrè irú ilẹ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Fìlà tí n ó máa dé lọ sóko ni mo ń rò.

Tòkunbọ̀ láti Jàpáàn ni. Oko ìrẹsì ló ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ohun tó sì yẹ kó là mí lójú nìyẹn. Ẹrọ̀fọ̀ ni oko ìrẹsì wọn, omi ló ń dúró lórí rẹ̀. Bí katakata bá wúwo jù, rírì ló máa rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀ kó fúyẹ́, tí wọ́n sì ń so abẹ tó ń yí biribiri mọ́ ọn lẹ́yìn láti fi po ẹrọ̀fọ̀. Oko tèmi ń bẹ lọ́nà Ìsẹ́yìn: òkúta, kùkùté, àti ilẹ̀ tó le bí ẹja gbígbẹ lásìkò ọyẹ́.

Èdè Jàpáàn ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Àwòrán méjì péré ló yé mi, ehoro àti ìjàpá, tí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tí a fi ń darí eré. Ehoro ni eré sísá, ìjàpá ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni mí. Nínú gbogbo àlọ́ tí wọ́n pa fún mi ní kékeré, n kò rántí ẹni tó fọkàn tán Ìjàpá tó sì jèrè. Mo ti ọ̀pá sọ́dọ̀ ehoro.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ yẹn, iwájú ló ń yí sí gẹ́gẹ́ bíi táyà. Nínú ẹrọ̀fọ̀, á wọlẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó le, kò ríbi wọ̀, ló bá sọ ara rẹ̀ di ẹsẹ̀: ó ń fi abẹ rìn, ó ń ti katakata síwájú, èmi náà ń fò sókè sódò lórí ìjókòó. A la oko mi já, a fo ààlà, a wọ inú gbágùúdá aládùúgbò kí n tó rántí pé kílọ́ọ̀ṣì wà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ilẹ̀ tí mo pè ní títú kò ní ju ìlà tín-ín-rín lára lọ.

Bàbá kan wà lágbègbè wa tó ti ń wa katakata kí n tó mọ̀wé kà. Ó dúró, ó wò mí títí.

"Akọ̀wé, ta lo bi kó o tó rà á?"

Mo ní mo kàwé nípa rẹ̀ ni, bàbá.

"Ìwé àwọn ará Jàpáàn?"

Ó yẹ kí ojú tì mí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ yá páláù onídísìkì mẹ́ta. Irú páláù yìí ni Massey Ferguson 375 máa ń fà, katakata tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ẹṣin 75, tó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Ìyẹn jẹ́ ẹṣin 25 fún dísìkì kan. Èmi náà ṣe ìṣirò tèmi: mo pín 24 sọ́nà mẹ́ta, ó kan dísìkì kọ̀ọ̀kan ní ẹṣin mẹ́jọ-mẹ́jọ. Mo ní ó tó, àfi tí dísìkì bá jẹ́ alájẹkì.

Mo fa ọ̀pá háídírọ́líìkì kí páláù lè gbéra. Páláù kò mira. Táyà iwájú ló gbéra, èmi náà bá wọn lọ, mo ń wo àwọsánmà.

Ní 1939 ni katakata Ford tó ní apá mẹ́ta tí a fi ń so páláù mọ́ ọn lẹ́yìn jáde; Harry Ferguson, ọmọ Ireland, ló ṣe apá náà. Ṣáájú ìgbà náà, bí páláù bá kọ́ kùkùté, katakata lè gbé orí sókè kó sì yí dà lé awakọ̀ lórí. Apá òkè nínú mẹ́ta yẹn ló ń tẹ iwájú mọ́lẹ̀ bí páláù bá ń fà. Ferguson ro ti kùkùté, ó ro ti òkúta. Irú èmi ni kò rò.

"Ìwúwo ló ń fa páláù," ni bàbá wí, "kì í ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì." Ó ní kí n bu omi sínú táyà ẹ̀yìn, kó má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Mo bu omi. Ó wúwo. Ó wá rì sétí odò.

Mo tà á, inú sì bí mi débi pé mo ra èyí tó ní ẹṣin 55, tó ní gàrawa níwájú. Èyí ò kéré! Ẹnu ọ̀nà oko ló kọ́kọ́ kéré sí i. A wó òpó kan. Gbágùúdá wá kù. Mítà kan sí mítà kan ni mo gbìn ín, bí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe ń kọ́ni, katakata mi sì fẹ̀ ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Mo wọ àárín rẹ̀ láti gé koríko. Koríko lọ, gbágùúdá bá a lọ.

Lọ́jọ́ tí mo fi gàrawa bu yanrìn, mo gbé e sókè réré kí àwọn tó ń lọ sọ́jà lè rí mi. N kò so ẹrù kankan mọ́ ẹ̀yìn láti fi dọ́gba. Iwájú tẹ̀, táyà ẹ̀yìn fò. Ọpẹ́lọpẹ́ irin ààbò tó wà ní òró lẹ́yìn ìjókòó, àti bẹ́líìtì tí ìyàwó mi fipá so mọ́ mi. Ẹ gbọ́ o: bí irin yẹn bá dúró, ẹ de bẹ́líìtì, bí ẹ bá ká a wálẹ̀, ẹ má dè é, kẹ́ ẹ lè rí ọ̀nà bẹ́ sílẹ̀.

Bàbá bi mí ní ohun tó yẹ kí n ti bi ara mi: iṣẹ́ wo lò ń ṣe jù lóko? Mo kà á fún un: koríko gígé, omi fífà, kíkó gbágùúdá lọ sẹ́bàá títì. Ilẹ̀ títú ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

"Torí iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lo ṣe ń ra katakata tí wàá fi ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀?"

Láti ìgbà náà, mo ń háyà katakata ńlá fún páláù. Èyí tí mo ní báyìí wà láàárín méjèèjì, mo sì wọn ẹnu ọ̀nà àti àlàfo ewéko kí n tó wò ó rárá. Mo tún ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹṣin tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì ló ń dé ọ̀pá PTO tó ń yí ẹ̀rọ ìgékoríko. Díẹ̀ máa ń ṣáko lọ lójú ọ̀nà. Iye tó dé ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ béèrè.

Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan pè mí pé òun rí katakata ńlá kan tówó rẹ̀ rọjú. Mo bi í bó ṣe wúwo tó, bó ṣe fẹ̀ tó, ibi tá a ti máa rí páátì rẹ̀ rà. Mo yin ara mi. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi, tó ń béèrè bóyá wọ́n lè gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ló gba fóònù.