Oníwàásù Àgọ́ àti Alátakò Rẹ̀

Oníwàásù àgọ́ ni ẹni tí ó ń ti àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni kan bọ́ sí òmíràn ní àsìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ní ọdún 1868, ní etíkun Llandudno ní Wales, oníwàásù kan tí ń jẹ́ Josiah Spiers kọ gbólóhùn kan nípa ìfẹ́ Ọlọ́run sára iyanrìn, àwọn ọmọdé sì fi òkúta ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ìgbì òkun nìkan ni alátakò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni alátakò: bí òórùn rẹ̀ bá ti ń ta sánsán láti ilé ìdáná, kókó kejì ìwàásù ti di àwátì nìyẹn. Bí oníwàásù bá wá ní ọ̀rọ̀ parí, Àmín a mi àgọ́ tìtì, òun a sì gbà pé ìwàásù ló wọ àwọn ọ̀dọ́ náà lákínyẹmí ara.