Lẹ́tà sí Onílé Tuntun ní Magodo

Ẹ̀gbọ́n mi pàtàkì,

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ kú ìnáwó. Òpó mẹ́rin tí ẹ gbé síwájú ilé yẹn, kábíyèsí ò ní irú ẹ̀ láàfin! Mo rí yín ní Sátidé: ẹ gba okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ bíríkìlà, ẹ dijú kan, ẹ ń wò ó bóyá ògiri tọ́. Irin ìdí okùn náà ò mì rárá. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ṣánṣán!"

Ó tọ́ lóòótọ́. Àmọ́ okùn bíríkìlà ò mọ ẹni tó nilẹ̀.

Ṣé ẹ ti gbàgbé Shangisha ni? Láàárín 1984 sí 1985, ìjọba Èkó wó ilé àwọn onílé ibẹ̀. Wọ́n gba kóòtù lọ. Ẹjọ́ ń fà títí di oṣù Kejì 2012, kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá wọn láre, pé kí ìjọba fún wọn ní pílọ́ọ̀tì 549. Ìdájọ́ jáde, pílọ́ọ̀tì ò yọjú. Ní oṣù Kejìlá 2021, àwọn ọlọ́pàá ya wọ Magodo Phase 2, tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ Shangisha yẹn, láti mú ìdájọ́ náà ṣẹ, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà, ID/795/88, sára ilé onílé. Ìjọba kan náà ló pín ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé tuntun wọ̀nyí o! Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Gómìnà Sanwo-Olu fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ ní oṣù Kìíní 2022. Àwọn ògiri tí wọ́n kun lọ́dà yẹn náà tọ́ ṣánṣán.

Mo tún gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi àjà kan lé e, torí àwọn àna yín tó ń bọ̀ láti London. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021. Ó lé ní ogójì ẹ̀mí tó bá a lọ. Ọ̀gá ìgbà náà ní LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ní àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí. Kí àwọn àna yín sùn ní pálọ̀.

Ẹ lọ yẹ ìwé ilẹ̀ yín wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ní Aláùsá, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹjọ́ wà lórí ẹ̀. Kìnnìún onísìmẹ́ǹtì méjì tí ẹ fẹ́ gbé sẹ́nu géètì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná: owó wọn tó lọ́yà gbà.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí ìrẹsì ìṣílé.