Tajátajá Ni Mo Fi Kí Wọn

Níbi tí wọ́n ti ń so yìgì ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ni wọ́n ti ní kí n wá fi èdè Lárúbáwá kí tọkọtaya. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lọ ilé kéú àwọn àgbàlagbà, ara mi sì ti wà lọ́nà. Mo tún fìlà dé, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní min kulli kalbī ni mo fi kí wọn. Ààfáà tó jókòó lápá ọ̀tún mi fa apá agbádá bojú. Mo rò pé ó ń sunkún ayọ̀ ni.

Qalb, ọkàn, ni mo fẹ́ sọ. Q yẹn, ق, ìdí ahọ́n lápá ọ̀fun ló ti ń jáde, bíi ti ẹni tí iṣu fẹ́ há lọ́fun. Kò sí lẹ́nu àwa Yorùbá. K tiwa ni mo fi pè é, kalb sì ni ajá. Mo rò pé tọkàntọkàn ni mo fi kí wọn, tajátajá ni. (Àwọn ará Kairo gan-an kì í pe q yẹn nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ʾalb ni wọ́n ń wí. Ta ló sọ fún mi lọ́jọ́ náà?)

Ìtìjú lé mi dé ìdí Lisān al-ʿArab, ìwé atúmọ̀ ńlá tí Ibn Manẓūr kọ kó tó kú ní nǹkan bí 1311. Mo tú abẹ́ q títí ojú fi ń ro mí. Ààfáà ló là mí lọ́yẹ̀: lẹ́tà tó kẹ́yìn gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ni Ibn Manẓūr fi tò ó. Abẹ́ b ni q-l-b wà! Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé qalaba ni kéèyàn dojú nǹkan dé, àti pé àwọn àgbà onímọ̀ ní ọkàn ń jẹ́ qalb nítorí pé kì í dúró sójú kan. Lóde òní, ìfipágbàjọba ń jẹ́ inqilāb.

Maqlūba ló wá kó bá mi, “èyí tí a dojú rẹ̀ dé”, oúnjẹ àwọn ará Palẹstínì. Adìẹ àti ìkàn díndín a wà nísàlẹ̀ ìkòkò, ìrẹsì a wà lókè. Bó bá jinná, wọn a dojú ìkòkò dé sórí àwo pẹrẹsẹ, adìẹ a bọ́ sókè. Ìyàwó mi ní ṣé mi ò ní jẹ́ kó sinmi díẹ̀ ná. Mo ní gírámà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ìkòkò kúrò lórí iná, mo fi àwo bò ó. Mi ò tiẹ̀ wò ó pé ẹnu ìkòkò fẹ̀ ju àwo lọ. Mo dojú ẹ̀ dé. Ìrẹsì ya sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, òróró gbígbóná ta sí mi lẹ́sẹ̀, mo ju ìkòkò nù, itan adìẹ kan yí gbirigbiri dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó mi, tó wà níbi yìgì ọjọ́sí, wo ilẹ̀, ó wò mí.

“Bàbá Ìbejì, ẹ pe kalb yín wá.”

Kó tó pa ẹnu dé, ajá aládùúgbò wa ti gbé itan adìẹ lọ.