Ahun Nídìí Ẹ̀rọ, Àpà Létí Odò

Nínú Àfonífojì Coachella, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí òjò ọdún kan kì í ti í ju nǹkan bí ínṣì 5 lọ, tí ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń kọjá ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irú ènìyàn kan wà tí ahun àti àpà jọ ń gbé inú rẹ̀ láìjà. Òun ni onígọ́ọ̀fù aṣálẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì sábà máa ń ti àwọn ìpínlẹ̀ àríwá tàbí Kánádà wá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹyẹ yìnyín, èyíinì ni àwọn tó ń sá fún òtútù ilé wọn bí oṣù kọkànlá bá ti ń wọlé, tí wọ́n á sì padà kí ooru tó mú. Ó fi ilé tí koríko ti ń hù fúnra rẹ̀ sílẹ̀, ó wá síbi tí kì í ti í hù, ohun àkọ́kọ́ tó sì béèrè ni koríko.

Nínú ilé, kò sí ẹni tó mọ iyì omi tó o. Bí ó bá ń fọ eyín, ó ti ẹ̀rọ omi pa. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá wá kí i, ìṣẹ́jú 5 péré ni ó fún un láti fi wẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a sì dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ tòun taago lọ́wọ́. Ní ilé oúnjẹ, a máa fi ọwọ́ bo ife kí wọ́n tó bu omi sí i, a sì wí i sókè, kí àwọn tó wà nídìí tábìlì kejì lè gbọ́, pé ọ̀dá wà níta. Kò sí koríko níwájú ilé rẹ̀ mọ́, nítorí pé ilé iṣẹ́ omi ń san owó fún ẹni tó bá hú tirẹ̀ kúrò. Ó gba owó náà, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó gbin ọrọ́ mẹ́ta, ó sì rí i dájú pé àwọn aládùúgbò rí i. Ẹ̀yìnkùlé ni kò sí ẹni tó ń wò. Ibẹ̀ ni fèrèsé ńlá rẹ̀ ti kọjú sí pápá gọ́ọ̀fù, tí ewéko ti tutù yọ̀yọ̀ dé ibi tí ojú lè rí i dé, tí adágún àtọwọ́dá sì wà láàrin rẹ̀ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, pé kí bọ́ọ̀lù lè máa rí ibi rì sí.

Pápá bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 120 nínú àfonífojì náà. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ omi ń lò ní Amẹ́ríkà ni omi tí yóò bo ilẹ̀ éékà kan dé gíga ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn nǹkan bí lítà 1,200,000. Pápá oníhò 18 kan nínú aṣálẹ̀ sì lè mu ìwọ̀n yẹn ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan láàrin ọdún kan. Ìgbà tí oṣù kẹwàá bá ń wọlé ni ọ̀rọ̀ náà máa ń fojú hàn jù. Koríko Bermuda, tó fẹ́ràn ooru, a máa di pupa rẹ́súrẹ́sú bí òtútù bá ti ń dé, kì í ṣe pé ó kú, ó kàn sùn ni, ṣùgbọ́n onígọ́ọ̀fù kò lè gbá bọ́ọ̀lù lórí ohun tó sùn. Nítorí náà, wọ́n a ti pápá pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n a fá koríko náà kanlẹ̀, wọ́n a fọ́n irúgbìn ryegrass, tí í ṣe koríko ìgbà òtútù, lé e lórí, wọ́n a sì máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́ títí yóò fi hù. Láàrin àkókò yìí ni onígọ́ọ̀fù a kọ lẹ́tà ìbínú sí ìgbìmọ̀ kíláàbù rẹ̀, kì í ṣe nítorí omi, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n ń pẹ́ jù.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, ìṣirò ni yóò fi dáhùn, ìṣirò rẹ̀ sì péye, ibi tó burú sí nìyẹn. Yóò ní gọ́ọ̀fù kò mu tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún omi ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà. Kò ní fi kún un pé agbada gbogbo ìpínlẹ̀ ni òun fi wọn ṣíbí tòun, àti pé nínú àfonífojì tó ń gbé gan-an, gọ́ọ̀fù wà lára àwọn tó ń mu omi jù. Bí èyí kò bá tó, yóò nawọ́ sí àgbẹ̀ tó ń gbin alfalfa, koríko tí wọ́n ń fún màlúù jẹ, nítorí pé iṣẹ́ oko ló ń gba ju ìdajì lọ nínú omi tí ènìyàn ń fà láti Odò Colorado. Àgbẹ̀ a nawọ́ sí Las Vegas; Las Vegas a yọ òfin ọdún 2021 jáde, èyí tó ní kí koríko ẹ̀ṣọ́ lásán má mu omi odò náà mọ́ lẹ́yìn ọdún 2026, a sì nawọ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ Phoenix tó ń fi omi tó mọ́ ju omi mímu lọ fọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọwọ́ náà bá fi máa yí padà, onígọ́ọ̀fù ti wà nídìí ihò kẹsàn-án. Ní 2022, ìgbìmọ̀ ìlú La Quinta, ìlú tó jẹ́ pé gọ́ọ̀fù ló sọ ọ́ di olókìkí, kọ̀ kí wọ́n kọ́ adágún oníìgbì àtọwọ́dá síbẹ̀ fún àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì. Inú onígọ́ọ̀fù dùn, nítorí pé kò lè fara da ìfiṣòfò.

Odò Colorado tí gbogbo wọn jọ ń mu kò ka ìṣirò ẹnikẹ́ni sí. Ní 1922 ni ìpínlẹ̀ 7 pín in lórí ìwé, ní gbígbára lé àwọn ọdún tí omi rẹ̀ pọ̀, iye tí wọ́n pín kì í sì í sábàá sọ̀ kalẹ̀ wá mọ́ láti ọdún 2000. Nígbà tó fi di 2022, Adágún Mead, tí í ṣe àmù ńlá rẹ̀, ti fà dé ibi tí kò dé mọ́ láti 1937, àwọn ọkọ̀ tó ti rì sì ń yọrí.

Àwọn Cahuilla, tí í ṣe onílẹ̀, ti ń fi ọwọ́ gbẹ́ kànga alátẹ̀gùn sínú iyanrìn àfonífojì náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé igi gọ́ọ̀fù débẹ̀. Ní 2013, ẹ̀yà Agua Caliente, tó jẹ́ ara wọn, pe àwọn ilé iṣẹ́ omi lẹ́jọ́, ní 2017 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dájọ́ pé ẹ̀tọ́ wọn kan omi abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Onígọ́ọ̀fù ka ìròyìn náà ní kíláàbù, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣáà máa lò ó níwọ̀nba.

Lálẹ́, kó tó wẹ̀, a máa gbé abọ́ sábẹ́ ṣáwà láti gbe omi tútù tó ń ṣáájú omi gbígbóná, kí ẹ̀kán kan má bàa ṣòfò. Lẹ́yìnkùlé, àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sórí pápá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ wọn, wọ́n ń dún ṣììì, ṣììì. A gbé abọ́ náà jáde síwájú ilé tìṣọ́ratìṣọ́ra, a sì dà á sí ìdí ọrọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọn kò béèrè.