Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Abẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin ará Okpara, ẹ̀yin ará Sábẹ̀ẹ́ lápapọ̀, ẹ gbà mí o! Lóṣù kẹta tí òjò kò tíì dé, tí ooru ń jáde lára àpáta Sábẹ̀ẹ́ bí ẹni pé wọ́n gbé e kaná, ta ni abẹ̀bẹ̀ wà fún? Ẹ óò ní ẹni tí ooru mú ni. Irọ́! Ẹni tó jókòó ló ni atẹ́gùn, èmi tí mo wà lórí ìdúró ni mo ń fẹ́ ẹ!

Iná èédú kọ̀, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá wa fẹ́ ẹ." Mo fẹ́ ẹ, eérú bò mí lójú, èéfín kó sí mi lọ́fun, ẹran jinná, egungun ni wọ́n bù fún mi. Ìyá ìyàwó mi dé láti Parakou, wọ́n ní kí n bá àwọn wá abẹ̀bẹ̀. Mo nà án sí wọn, wọn ò gbà á, wọ́n kàn dijú, wọ́n na ọrùn síwájú. Ta ló jẹ́ fi ìyẹn lé àna lọ́wọ́? Mo fẹ́ wọn títí wọ́n fi ń hanrun. Mo ní kí n sinmi díẹ̀, ojú kan là!

Lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, iyì ni. Ọ̀ṣun di ti idẹ mú l'Óṣogbo, ó dé Brazil, ó dé Kúbà, abẹ̀bẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá fi fẹ́ná.

Ẹ tún wo Hussein, olórí Algiers. Lóṣù kẹrin ọdún 1827, ó bi Deval, aṣojú Faransé, léèrè gbèsè àlìkámà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Èsì tó fọ̀ kò dùn ún gbọ́, ló bá fi abẹ̀bẹ̀ tó fi ń lé eṣinṣin gbá a. Abẹ̀bẹ̀ lásán! Faransé ajigbèsè bínú, ó kó ọkọ̀ ogun wá, ó gba Algiers ní 1830, ó jókòó síbẹ̀ títí di 1962, ó tún dé Dahomey tiwa, ó mú Ọba Béhanzin, ó gbé e lọ Martinique, ó tún gbé e lọ Algeria yẹn kan náà, ibẹ̀ ni ọba kú sí ní 1906! Èmi náà jẹ gbèsè o, owó sìmẹ́ńtì díẹ̀ péré, ilẹ̀ ta ni mo gbà? Bàbá olówó mi kú, wọ́n pín abẹ̀bẹ̀ onífọ́tò níbi òkú, bàbá tẹjú mọ́ mi! Mo yí i padà, fọ́tò olówó mi gan-an ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wù mi ni mo fi nu òógùn.

Wọ́n ní Schuyler Wheeler, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe abẹ̀bẹ̀ oníná láti 1882 kí irú mi lè sinmi. Mo ra ọ̀kan. Bí iná bá dé (ẹ má bi mí ìgbà tó ń dé), á máa yí orí: á fẹ́ ìyá ìyàwó mi, á fẹ́ ìyàwó mi, á fẹ́ àwọn ọmọ, á fẹ́ ewúrẹ́ tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ku díẹ̀ kó kàn mí, gbà-gà-gà! ọrùn rẹ̀ há, ó padà sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi. Lálẹ́ àná, inú rẹ̀ gbóná, òórùn jíjó gbalé. Àna mi ò ní ká pa á. Abẹ̀bẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n nà sí mi: "Ọkọ ọmọ mi, ẹ bá wa fẹ́ ẹ kó tutù."