Fìlà Yìnyín

Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, irun tí mo fẹ́ gbà là kò ju èyí tó gba ẹ̀yìn orí láti etí dé etí lọ. Àárín ti di pápá bọ́ọ̀lù látìgbà ayé Abacha. Síbẹ̀, nígbà tí dókítà ní kí n wá máa gba kẹ́mò fún jẹjẹrẹ ìfun, irun yẹn ni mo kọ́kọ́ rò.

Mo ti gbọ́ nípa fìlà tútù tí wọ́n fi ń gba irun là lọ́wọ́ kẹ́mò. Ní Huddersfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyàwó Glenn Paxman gba kẹ́mò, irun rẹ̀ sì já. Ẹ̀rọ tó ń mú bíà tutù ni ìdílé ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ni wọ́n bá fi ọgbọ́n bíà ṣe fìlà tí ohun olómi tútù ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ilé ìwòsàn ìlú wọn ló gba àkọ́kọ́ lọ́dún 1997. Òtútù ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ awọ orí sún kì, kí oògùn má ráyè dé ìdí irun. Wọn á ti dé e ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí oògùn tó wọra, kò sì ní kúrò lórí títí oògùn á fi tán, á tún pẹ́ díẹ̀ sí i.

Oníbíà kẹ̀? Èmi tí mo ṣiṣẹ́ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì nídìí ẹ̀rọ amóhuntutù nílé iṣẹ́ ọtí kan ní Ògbà!

Mo ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja dídì l'Agége, mo fọ́ ọ, mo dì í sí ọ̀rá, mo kó o sínú fìlà tí ìyàwó mi fi ń wẹ̀, ó di inú kúlà. Ṣùgbọ́n láti Pen Cinema dé Ìkẹjà Along, ọkọ̀ kò rìn. Omi ń jò sórí bàtà ìyá kan nínú dánfó.

“Bàbá, ẹja yín ti ń yọ́ o.”

Mo ní kì í ṣe ẹja, fìlà mi ni. Ìyá rọra sún mọ́ fèrèsé.

Nílé ìwòsàn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé e tán ni nọ́ọ̀sì kígbe.

“Dádì, ẹ ṣí i kíá! Oxaliplatin lẹ ń gbà! Ṣé a ò ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan tútù, títí kan omi fíríìjì?”

Wọ́n sọ ọ́. Oògùn yìí àti òtútù kì í ṣọ̀rẹ́: ìka ẹni á máa ta, á máa kú tipiri, omi tútù lásán lè fún èèyàn lọ́fun. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ síwèé fún mi, ìwé tí mo fi wé owó ọkọ̀.

Èyí tó kàn ló dùn mí jù. Oògùn tèmi kì í sábà mú irun já tán, ó kàn lè fẹ́lẹ́ díẹ̀ ni. Àwọn tó ń gba docetaxel tàbí paclitaxel, bíi ti jẹjẹrẹ ọmú, ni fìlà gidi ń ràn lọ́wọ́, kì í sì í ṣe gbogbo wọn náà.

Nọ́ọ̀sì wo orí mi yíká.

“Dádì, èwo gan-an lẹ ò fẹ́ kó já?”

Yìnyín tó kù ò ṣeé fi mu mínírà, ẹja ló ń rùn. Nígbà tí mo ń lọlé, ológbò ọgbà ilé ìwòsàn sìn mí dé géètì.