Ẹ Má Sọ fún Un Pé Kó Rẹ́rìn-ín
Ìyá Ọlọ́gbọ́n-Ẹ̀wẹ́ ń dá àwọn tó kọ̀wé sí i lóhùn

Tí WAEC bá ti ń lọ sópin báyìí, tí òjò sì ń rọ̀ lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń kún àpò lẹ́tà mi láti Ìtàwúrè títí dé Ìjerò. Ọmọkùnrin ilé fẹ́ jáde gírámà, ìyá fẹ́ fọ́tò níta gbangba, ọmọ ò sì fẹ́ fojú kan kámẹ́rà. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú wọn.

*Ìyá Ọlọ́gbọ́n-Ẹ̀wẹ́, ẹ gbà mí. Ọmọ ọdún 17 ni ọmọ mi. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀ ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò mọ́. Níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn. Mo ti bá onífọ́tò sọ̀rọ̀, mo ti san àsansílẹ̀, Ìkógòsì la ní ká lọ. Báwo ni mo ṣe máa mú un débẹ̀? — Ìyá tí ọ̀rọ̀ sú, Arámọkọ*

Ìyá wa, mímú un débẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́. Ẹ ṣèlérí iyán àti ẹran ìgbẹ́ fún un, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn dé ìdí ọkọ̀. (Ṣùgbọ́n ẹ má fún un jẹ kí wọ́n tó parí fọ́tò. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹyán kì í là dáadáa.) Ẹ̀yin gan-an ni wàhálà. Mo ti rí irú yín lẹ́yìn onífọ́tò: ọwọ́ ń lọ sókè sódò, ẹnu ò dákẹ́, "Rẹ́rìn-ín! Na ọrùn! Ṣé báyìí lo ṣe ń rẹ́rìn-ín nílé?" Ojú ọmọ á wá rí bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko olóko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sílé. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń yún yín jù, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ máa ka Sáàmù. Èyí tó gùn ni kí ẹ mú.

Ọ̀rẹ́ ọmọ yín kan ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe wàràwàrà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, nítorí kí ọkọ̀ tó padà dé Ẹ̀rìnjìyàn, fọ́tò á ti wà lórí WhatsApp. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹ sọ pé ọ̀rẹ́ ló fẹ́ ya fọ́tò, pé kí tiyín kàn bá wọn gbé páálí funfun tí wọ́n fi ń da ìmọ́lẹ̀ síni lójú. Tí wọ́n bá débẹ̀, kí onífọ́tò ní, "Jọ̀ọ́, bọ́ síbẹ̀ yẹn kí n fi ọ́ wo ìmọ́lẹ̀." Ẹni tí wọ́n ń fi wo ìmọ́lẹ̀ kì í sá, torí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. Kí onífọ́tò rọra wo ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún dáadáa, kó wò ó níwájú, kó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ìwòmọ́lẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún. Ti ọ̀rẹ́, kó yà á ní ẹyọ méjì kí ọ̀rọ̀ má baà di ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síbi tí omi ti pàdé. Ẹ mọ̀ pé omi gbígbóná Ìkógòsì máa ń gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 Celsius ní orísun rẹ̀, pé tútù ń bọ̀ láti ọ̀nà tirẹ̀, tí méjèèjì yóò wá jọ máa ṣàn lọ. Kí wọ́n ní kó ká ṣòkòtò sókè, kó ti ẹsẹ̀ kan bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó ti ìkejì bọ tútù, kó wá sọ èwo ló jẹ́ èwo. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè dúró sínú omi méjì kó tún máa rántí ojú ara rẹ̀. Kí onífọ́tò jìnnà sí i, kó fi lẹ́ǹsì gígùn fà á mọ́ra, kó sì pa ẹnu dé.

Ti àkókò: kí ó tó di agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, tàbí lẹ́yìn mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán a máa di ojú ènìyàn pọ̀, a sì fi òjìji dúdú sínú ihò ojú. Tí ojú ọ̀run bá ṣú fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dúpẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó dára jù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ilé-ìwé náà tún wà níbẹ̀: funfun a máa tan kámẹ́rà jẹ, ojú ọmọ tó dúdú bí tiwa yóò wá ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ kí igi tútù wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má jẹ́ ojú ọ̀run. Bó bá sì jẹ́ fóònù ni, kí wọ́n fi ìka tẹ ojú rẹ̀ gan-an lórí gíláàsì kí wọ́n tó yà á. Ojú rẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì.

*Mo jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Fọ́tò bàbá mi wà lára ògiri: ó jókòó, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, agbádá rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ mi yà níwájú ilé, kí òkè Ẹ̀fọ̀n hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ayé àtijọ́ nìyẹn, pé kó na ọwọ́ méjèèjì kó máa fò sókè. Ọmọ ní òun ò ṣe èyíkéyìí. Ta ló jàre? — Tíṣà, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè*

Tíṣà, ẹ̀yin lẹ jàre, ẹ má sì sọ fún ìyàwó yín pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ní 1975, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá sí Ìlá-Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí wa níbí. Ó ń wo bí àwọn onífọ́tò wa ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ ohun tó rí jáde ní 1978. Irú fọ́tò bàbá yín gan-an ló bá níbẹ̀: àgbà jókòó, ó kọjú síni gbọnrangandan, ọwọ́ lórí orúnkún, aṣọ bo àga, gbogbo ara hàn títí dé bàtà. Ẹ̀rín kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ tún wo iṣẹ́ Agbọnbiọfẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú yín, tó gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè lẹ́yìn tí iná jó o ní 1912. Jagunjagun wà lórí ẹṣin, ìyá pọnmọ sẹ́yìn, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń fi eyín han àlejò. Àwa tí a wá di onífóònù ni a sọ ẹ̀rín di ọ̀ranyàn. Ọmọ yín kò ṣàìsàn, ojú ẹni ńlá ni Ọlọ́run fún un, ẹ sì ń bá a jà nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé àga onígi síta, ẹ wọ agbádá fún un, kí fìlà abetíajá wà lórí rẹ̀. Kí ẹ wá fi ohùn tíṣà yẹn sọ fún un pé: "Má rẹ́rìn-ín o. Bí o bá rẹ́rìn-ín, a ó tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀." Tẹ́ ẹ bá ti rí fọ́tò tiyín gbà, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún kìlọ̀ fún un. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rín á fi gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lórí àga. Kí ìyá rẹ̀ ti gbé kámẹ́rà tirẹ̀ sílẹ̀ de ìṣẹ́jú yẹn.

*Ìbejì ọkùnrin ni mo bí. Táyé fẹ́ràn fọ́tò ju oúnjẹ lọ. Kẹ́hìndé a máa gba ojú fèrèsé sá. Mo sì fẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀. — Ìyá Ìbejì, Ìjerò*

Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ẹ ní Táyé nìkan ti tó, pé onífọ́tò yóò yà á lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ẹni pé méjì ló jókòó. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbejì láyé ọjọ́un ní Ìlá tí mo wí yẹn. Tó bá ti ń yọ̀, ẹ ní kó lọ bi ìyá àgbà léèrè irú ìbejì tí wọ́n ń ṣe é fún. Ìyá àgbà yóò sọ fún un pé èyí tí ọ̀kan bá ti kú nínú wọn ni.

Ẹ yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí eré tí yóò fi wá síwájú kámẹ́rà lè gbé yín ṣubú. (Kí Elédùmarè dá wọn sí fún yín o. Mo ti fọwọ́ gba ẹnu mi.)

*Mà, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ìyá wa níwàkíwà. Irorẹ́ kún iwájú orí mi, eyín mi kan sì yẹ̀. Mi ò fẹ́ fọ́tò. Báwo ni mo ṣe lè bọ́? — Ẹni tí wọ́n ń dọdẹ, Òkè-Ìmẹ̀sí*

Ọmọ mi, o ò lè bọ́. WAEC ní fọ́tò rẹ, JAMB ní fọ́tò rẹ, àwọn oní-NIN náà ní i, gbogbo rẹ̀ ló sì burú ju èyí tí ìyá rẹ ń wá lọ. Ohun tó kù ni kí o tà á lówó iyebíye. Ọmọ ìlú Fábùnmi jagunjagun ni ọ́. Àwọn baba yín bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n jókòó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Mú bébà, kọ àdéhùn tìrẹ: ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré; kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp àwọn ìyá ìjọ; èyí tí o ò bá fẹ́, kí wọ́n pa á rẹ́ lójú rẹ; dátà oṣù kan. Kí ìyá rẹ fọwọ́ sí i, kí bàbá rẹ ṣe ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí o bá dúró, má wo inú lẹ́ǹsì. Wo òkè tó yí ìlú yín ká, kí o máa ka ilé tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, fèjìká ti ògiri, mú bọ́ọ̀lù dání, torí ọwọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń jẹ́ kí ojú ti ọkùnrin.

Ti irorẹ́, onífọ́tò á fi kọ̀ǹpútà nù ún kúrò. Eyín tó yẹ̀ yẹn ni kó má fọwọ́ kàn. Lọ wo ẹnu bàbá rẹ dáadáa: ìyá rẹ rí i báyẹn kó tó gbà láti fẹ́ ẹ.